Àtúntẹ̀ Ìwé Àtijọ́ lórí Lítíréṣọ̀ Gíríìkì àti Látìn: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Iṣẹ́ Náà Jẹ́

Ẹni tó bá ra àtúntẹ̀ ìwé ọ̀mọ̀wé lórí Sophocles, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, tàbí Juvenal, akéwì Látìn, ìlà kan pàtó ló sábà máa ń wá. Ó ti rí i nínú ìwé ẹlòmíràn pé “wo àlàyé Jebb lábẹ́ ìlà 44”, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí Jebb wí. Bí ó bá ṣí ìwé tí ẹ̀yin atúntẹ̀wé tà fún un, tí nọ́ńbà ojú-ewé ti yí padà, tí àmì orí lẹ́tà Gíríìkì ti parẹ́, tàbí tí àlàyé ìsàlẹ̀ ti kéré ju ohun tí ojú ènìyàn lè kà, owó rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo la ó fi wọn gbogbo àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí: ṣé òǹkàwé á rí ìlà tó ń wá, ṣé á sì lè fọkàn tán an?

Jebb yìí náà la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù. R. C. Jebb ló ṣe àlàyé eré méje Sophocles tó ṣẹ́kù, ní ìdìpọ̀ méje, tí wọ́n tẹ̀ ní Cambridge láàrin 1883 sí 1896. Bristol Classical Press tún wọn tẹ̀ ní 2004, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun kún un. Nínú eré méje náà ni Oedipus wà, èyí tí Ọlá Rótìmí sọ di Ọdẹ́wálé lórí ìtàgé ní Ifẹ̀ ní 1968, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe lọ́dọ̀ wa náà máa ń wá Jebb lọ. Irú ìwé báyìí tọ́ sí àtúntẹ̀. Ìwé àlàyé tó ń mú ìlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í tètè gbó. Ìwé ìtàn lítíréṣọ̀ tó ń sọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e, kíá ló máa ń gbó, torí ẹ̀rí tuntun kan péré lè dojú rẹ̀ dé.

Ẹ̀dà tí ọwọ́ kọ́kọ́ bà

Ẹ má ṣe mú ẹ̀dà kan torí pé òun ló wà nítòsí. Oedipus Tyrannus ti Jebb jáde ní 1883, ó tún jáde ní 1887, ó sì tún jáde ní 1893. Ẹni tó bá tún ti 1883 tẹ̀ torí pé ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta èrò tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti padà tún ṣe fún àwọn ènìyàn. Ẹ̀dà ìkẹyìn tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò ni kí ẹ wá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú gbogbo ẹ̀dà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tí wọ́n yí padà. Bí òǹkọ̀wé bá tún kọ “àfikún àti àtúnṣe” sẹ́yìn ìdìpọ̀ mìíràn, àwọn ojú-ewé yẹn gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Àṣìṣe kejì jọ èyí, òun ló sì ń mú àwọn tó yára: ẹ̀dà fún ilé ìwé. Antigone ti Jebb ní ẹ̀dà kan tí E. S. Shuckburgh gé kúrú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1902. Orúkọ Jebb wà lára rẹ̀, eré kan náà ni, ilé ìtẹ̀wé kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú rẹ̀, wọ́n sì ti gé àlàyé rẹ̀ kù. Ẹ ka ojú-ewé àkọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbé ìwé sórí ẹ̀rọ.

Ẹ tún wo ohun tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ láìsọ. Juvenal kọ ewì 16. Ìwé àlàyé J. E. B. Mayor lórí rẹ̀ mú 13 péré. Ó yọ ìkejì, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án torí ọ̀rọ̀ tó kan ìbálòpọ̀. Nígbà tí Walter Ker túmọ̀ akéwì Látìn Martial fún Loeb, ọ̀wọ́ ìwé tó ń gbé Gíríìkì tàbí Látìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1919 àti 1920, èdè Ítálì ló wà níbi tí ewì náà ti rùn jù, wọn kò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i. Kò sí ohun tó burú nínú títún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹ kọ “Juvenal” gàdàgbà sára èèpo ẹ̀yìn, kí olùrà délé kó tó mọ̀ pé ewì kẹfà, tó gùn ju gbogbo wọn lọ, kò sí nínú rẹ̀.

“Ó ti pẹ́, kò sẹ́ni tó ni ín mọ́”

Ọjọ́ orí pépà kọ́ ni òfin ń wò. Ní Bìrìtéènì, ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní Nàìjíríà lábẹ́ òfin 2022, 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń parí, a sì ń kà á láti ìparí ọdún tó kú. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1978 ń gba tó 95 ọdún láti ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ wo The Greek Particles, ìwé J. D. Denniston lórí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké èdè Gíríìkì. Ó jáde ní 1934, Denniston sì kú ní 1949. Ní Bìrìtéènì, ẹ̀dà 1934 ti bọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ní Amẹ́ríkà, ó di ìbẹ̀rẹ̀ 2030. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí gbogbo ènìyàn ń lò ni ti 1954, K. J. Dover ló sì tọ́jú ìyẹn. Dover kú ní 2010, nítorí náà ohun tí Dover fi kún un kò ní bọ́ títí ìparí 2080. Ìwé kan, orúkọ kan lára èèpo rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú rẹ̀ ni Greek Grammar ti Smyth: ti 1920 yàtọ̀ sí ti 1956 tí Gordon Messing tún ṣe. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ìwé sílẹ̀, òǹkọ̀wé, alátùn-únṣe, atúmọ̀-èdè, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ẹni tó ya àwòrán, kí ẹ sì wá ọdún ikú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀tọ́ méjì mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí. Ní Bìrìtéènì, ilé ìtẹ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí bí ó ṣe to lẹ́tà sójú ìwé fún 25 ọdún, kódà bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti Vergil. Ẹ kò lè ya àwòrán ojú-ewé tí ẹlòmíràn tò tuntun lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kí ẹ wá tà á. Ní Jámánì, àtẹ̀jáde onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe láti inú ìwé àfọwọ́kọ ní ààbò 25 ọdún tirẹ̀. Ní ti PDF tí Google ṣe, ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi ṣòwò.

Scan: ibi tí iṣẹ́ ti ń kú

Ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí bí scan bá ti bàjẹ́, kò sí pépà tàbí èèpo ẹ̀yìn tó lè tún un ṣe.

Fáìlì ọ̀fẹ́ máa ń dára lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá dórí pépà, lẹ́tà á rí jákujàku, torí wọ́n ti fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ìka ẹni tó ń ya á hàn létí ojú-ewé. Máàpù tó ká pọ̀ á wà ní kíká bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tú u. Ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé á tẹ̀ kọ́rọ́bọ́tọ́, torí ìwé náà kò là dáadáa.

Èyí tó léwu jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Oríṣi fífún-pọ̀ kan wà tí ń jẹ́ JBIG2. Bí a bá lò ó lọ́nà tó ń ju nǹkan nù, ó máa ń wá àwọn lẹ́tà tó jọra lójú-ewé, á mú ọ̀kan nínú wọn, á sì fi ẹyọ kan yẹn rọ́pò àwọn yòókù. Ní 2013, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì kan, David Kriesel, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan ń sọ 6 di 8 báyìí nínú ìwé tí wọ́n bá scan. Lẹ́tà tí kò tọ́ náà mọ́ kedere, kò sí ohun tó lè mú kí ènìyàn fura. Ẹ wá ro ti ojú-ewé Gíríìkì, níbi tí ἀ àti ἁ ti fi àmì kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ ya ara wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní lẹ́tà wínníwínní nínú apparatus criticus, ìyẹn ìlà ìsàlẹ̀ tó ń kó ìyàtọ̀ àwọn ìwé àfọwọ́kọ jọ. Ẹni tó ń lo ìlà wọ̀nyẹn ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìwé àfọwọ́kọ ṣe ẹ̀rí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yí ẹ̀rí padà fún un.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé gan-an. Ẹ scan rẹ̀ ní 600 dpi (iye tóótó nínú íǹṣì kan), ní àwọ̀ eérú, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fáìlì TIFF. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tààrà ni kí ẹ tó sọ ojú-ewé ọ̀rọ̀ di dúdú àti funfun, 600 dpi ó kéré tán, 1,200 bí ilé ìtẹ̀wé bá lè gbà á. Ẹ fi CCITT Group 4 fún un pọ̀, èyí kì í ju ohunkóhun nù. Àwòrán fọ́tò máa wà ní àwọ̀ eérú. 300 dpi ní ìwọ̀n tí ẹ ó tẹ̀ ẹ́ ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì “despeckle”. Wọ́n ṣe é láti pa tóótòòtó ìdọ̀tí rẹ́. Kò mọ̀ pé tóótòòtó kan lójú-ewé Gíríìkì lè jẹ́ àmì mímí, ìòtà abẹ́ lẹ́tà, tóótó méjì orí ϊ, tàbí àmì ìdánudúró tó ga sókè (·). Bí ẹ bá lò ó sórí gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan, ó lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú wọn rẹ́, ojú-ewé á sì máa dán bí ẹni pé iṣẹ́ dára. Ìdọ̀tí kò pa òǹkàwé lára. Ẹ fi ọwọ́ pa èyí tó tóbi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àwọn kéékèèké sílẹ̀.

Ibi tí dúdú ti pínyà sí funfun náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Bí ẹ bá sọ ọ́ dúdú jù, ihò inú ε àti α á dí, ἃ á sì jọ ἂ. Bí ó bá funfun jù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á já, υ á di ν lójú òǹkàwé. Ẹ yan ojú-ewé kan tó ní ᾅ, ᾖ àti ΰ nínú lẹ́tà tó kéré jù lọ, ẹ tẹ ojú-ewé náà sórí pépà tí ẹ ó lò gan-an, kí ẹ fi ẹnì kan tó gbọ́ Gíríìkì kà á láìlo díńgí ìsọ̀wédi-ńlá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pinnu ìwọ̀n.

Kí ẹ tó dá ìwé padà sí láíbùrárì, ẹ kà á bóyá ó pé. Àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ní Bìrìtéènì máa ń fi lẹ́tà kékeré kan sísàlẹ̀ ojú-ewé àkọ́kọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkójọ pépà tí wọ́n ká pọ̀ kí wọ́n tó rán ìwé: B, C, D, títí lọ. Ẹ̀yà lẹ́tà Látìn 23 ni wọ́n ń lò, nítorí náà kò ní sí J, W, àti ọ̀kan nínú U àti V. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ìdì J kiri, á sì rò pé ìwé òun ti sọnù lápá kan. Bí ojú-ewé kan bá sọnù lóòótọ́, ẹ yá òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà kan náà ni: ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ojú-ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e wé ara wọn nínú ìwé méjèèjì. Ojú-ewé 1887 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín ìwé 1893 kì í dá ara rẹ̀ hàn, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á tó kọ lẹ́tà sí yín.

Òsì àti ọ̀tún

Nínú Jebb, Gíríìkì wà lọ́wọ́ òsì, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàyé sì wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Loeb. Bí ẹni tó ń tò fáìlì bá yọ ojú-ewé òfìfo kan ṣoṣo níwájú torí pé “kò sí nǹkan níbẹ̀”, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí padà: Gíríìkì bọ́ sọ́tùn-ún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn pépà kan náà, òǹkàwé á wá máa ṣí ìwé síwá sẹ́yìn láti fi wọ́n wé ara wọn. Òfin náà rọrùn: nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ má yọ ojú-ewé òfìfo kankan.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí. Ìwé àtijọ́ ti lo nọ́ńbà Róòmù (i, ii, iii) fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀. Bí ẹ bá tún fi nọ́ńbà Róòmù sí tuntun, “ojú-ewé xii” di méjì nínú ìwé kan. Ẹ lo 1*, 2*, 3* tàbí ohun mìíràn tí kò ní bá tàtijọ́ dàpọ̀, kí iye ojú-ewé tuntun náà sì jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì.

Ẹ má gé etí ìwé sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù. A kì í tọ́ka sí Plato pẹ̀lú ojú-ewé ìwé tó wà lọ́wọ́ wa. Ojú-ewé ìwé tí Henri Estienne (Stephanus ní Látìn) tẹ̀ ní 1578 la ń lò. Aristotle náà, ti Bekker, Berlin, 1831. Etí ìwé ni àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń gbé, níbi tí ẹ̀rọ tó ń gé ara rẹ̀ ti máa ń kà wọ́n sí ìdọ̀tí. Ìwé àlàyé lórí Republic ti Plato tí kò ní nọ́ńbà Stephanus mọ́ kò ṣeé lò fún ohunkóhun.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má dín lẹ́tà kù. Àlàyé tí wọ́n tẹ̀ ní 7 pt, bí ẹ bá dín in kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 5.6 pt. Etí òfìfo ni kí ẹ gé bí ojú-ewé bá tóbi ju pépà yín lọ, kí ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Títò ó tuntun

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó lè mọ́. Fún ìwé tí Gíríìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe é, àyàfi bí ẹ bá ní ẹni méjì tó gbọ́ èdè náà tí wọ́n á ka prúùfù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tesseract, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán ojú-ewé di ọ̀rọ̀, ní ètò fún Gíríìkì àtijọ́, ó sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé àmì mímí síbi tí kò yẹ, ó ń sọ ρ di p Látìn, ó sì ń da èdè méjì pọ̀ níbi tí wọ́n bá ti wà nínú gbólóhùn kan. Nínú ìwé Látìn tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú nǹkan bí 1800, s gígùn (ſ) máa ń di f.

Kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ẹni tó ń kọ Yorùbá ìdí tí àmì orí lẹ́tà fi ṣe pàtàkì. Bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ ni νόμος, òfin, ṣe yàtọ̀ sí νομός, pápá ìjẹko. Εἰμί ni “mo wà”, εἶμι ni “mo fẹ́ lọ”. Ὄρος ni òkè, ὅρος ni ààlà. Ìṣòro inú kọ̀ǹpútà náà jọra. Bí ẹ́ ṣe ní ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́ nínú fáìlì, bẹ́ẹ̀ ni ά ní kóòdù méjì nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, U+03AC àti U+1F71, tí ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sí. Bí ìdajì ìwé bá lo ọ̀kan, tí ìdajì lo èkejì, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà á pàdánù ìdajì ibi tó wà. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú kóòdù méjì bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, kí ẹ tó ṣe atọ́ka. Ẹ sì wo fọ́ǹtì: òmíràn kò ní lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún yín, ọ̀rọ̀ kan á wá ní ojú méjì.

Títún ọ̀rọ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀

Ẹ ti rí àṣìṣe lójú-ewé 112, nọ́ńbà ìlà kan tí kò tọ́. Ọwọ́ á máa yún yín láti tún un ṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án lójú-ewé. Ẹ tò gbogbo irú rẹ̀ sí ojú-ewé kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣáájú: ojú-ewé, ìlà, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó wà. Bí ẹ bá yí i padà láìsọ, àwọn tó ti tọ́ka sí ìwé àkọ́kọ́ á dàbí òpùrọ́ lójú ẹni tó bá ń lo tiyín, kò sì ní sí ẹni tó mọ èyí tí òǹkọ̀wé kọ gan-an mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí kò sọ ohun tó ti yí padà

Ọ̀rọ̀ ìyìn lásán lọ́pọ̀ ìgbà: òǹkọ̀wé jẹ́ ọ̀mọ̀wé ńlá, ìwé rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ohun tí òǹkàwé nílò ni ibi tí kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ti hú jáde nínú iyanrìn Íjíbítì láti ọdún 1890 wá ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Ìwé lórí ìjọba Athens tó ṣáájú 1891 kò mọ Athenaion Politeia tí wọ́n ń pè ní ti Aristotle. Ìwé lórí Menander, òǹkọ̀wé eré apanilẹ́rìn-ín Gíríìkì, tó ṣáájú 1958 kò tíì rí odindi eré rẹ̀ kan, torí ọdún yẹn ni Dyskolos jáde. Jebb kú ní 1905. Ó di 1912 kí apá tó pọ̀ nínú Ichneutae ti Sophocles tó jáde láti ara pápírọ́sì Oxyrhynchus. Ní Látìn, ìlà tí iye wọn jẹ́ 36, tí kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ yòókù, ni E. O. Winstedt rí fún ewì kẹfà Juvenal nínú ìwé àfọwọ́kọ kan ní Oxford ní 1899.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Aeschylus, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì tó ṣáájú Sophocles. Ṣáájú 1952, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìwé ló ń kọ́ni pé Suppliants ni eré rẹ̀ tó pẹ́ jù nínú èyí tó ṣẹ́kù, torí ẹgbẹ́ akọrin ló gba iwájú nínú rẹ̀. Odidi ìtàn bí eré oníṣe ṣe dàgbà ni wọ́n kọ́ lé e lórí. Lọ́dún yẹn, àjákù pápírọ́sì kékeré kan fi hàn pé Sophocles wà nínú ìdíje kan náà, eré náà sì bọ́ sí àwọn ọdún 460 ṣáájú Kírísítì, lẹ́yìn Persians, eré Aeschylus mìíràn. Bí ẹ bá tún ìwé 1910 kan tẹ̀ lórí Aeschylus láìsọ èyí, ẹ ti fi ìmọ̀ tó ti kú lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ojú-ewé mẹ́wàá sí ogún tó. Kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ìlànà tí òǹkọ̀wé tẹ̀ lé, ẹ̀rí tó ti jáde lẹ́yìn rẹ̀, ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà tó dúró fún ìwé àfọwọ́kọ (L nínú Jebb ni ìwé Laurentian 32.9 tó wà ní Florence), àti àtẹ̀jáde tuntun tó yẹ kí wọ́n ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún Sophocles, èyí tí Lloyd-Jones àti Wilson ṣe fún Oxford ní 1990 ni.

Pépà, gọ́ọ̀mù àti òwú

Ẹ lo pépà 80 gsm aláwọ̀ wàrà tí kò ní ásíìdì, èyí tó bá ISO 9706 mu. Pépà funfun báláú máa ń ta ojú ẹni tó ń ka lẹ́tà wínníwínní fún wákàtí mẹ́ta. Ìlà inú pépà gbọ́dọ̀ lọ ní òró pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé. Bí ó bá lọ ní ìbú, ìwé kò ní là, pépà á sì máa ká bí ewé gbígbẹ.

Láti mọ bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe nípọn tó, ẹ pín iye ojú-ewé sí méjì, kí ẹ fi ìnípọn pépà kan ìsọdipúpọ̀. Ojú-ewé 480 jẹ́ pépà 240; bí ọ̀kan bá jẹ́ mílímítà 0.1, mílímítà 24 ni. Ẹ béèrè ìnípọn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ta pépà kí ẹ tó yàwòrán èèpo ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àkọlé á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìwé àlàyé kì í ṣe ìwé tí a ń kà tán tá a sì gbé sílẹ̀. Ó ń là gbalaja lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mìíràn fún ọdún pípẹ́. Gọ́ọ̀mù gbígbóná lásán á sán, ojú-ewé á máa já bọ́ láti àárín. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí ojú-ewé 400, ẹ fi òwú rán an. Bí owó kò bá ká a, ẹ ní kí wọ́n lo gọ́ọ̀mù PUR, èyí tó lágbára tó sì ń tẹ̀ ju gọ́ọ̀mù gbígbóná lásán lọ. Ẹ fi mílímítà 20 sílẹ̀ nínú, lápá ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ má tẹ púpọ̀. Àwọn tó ń ra irú ìwé yìí kò pọ̀, wọn kì í sì rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ 50 tàbí 100 lórí ẹ̀rọ digital, kí fáìlì wà nílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Ojú-ewé àkọlé

Ẹ má fi ọdún tòde òní nìkan sójú-ewé àkọlé. Ẹ kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé àkọ́kọ́, ìlú, ọdún àti ẹ̀dà tí ẹ yà, kí ẹ tó kọ tiyín. Ẹ má pe àtúntẹ̀ ní “ẹ̀dà tuntun”. Ẹ̀dà tuntun ni èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yí padà. ISBN tuntun ni fún èèpo líle, òmíràn fún èèpo rírọ̀, òmíràn fún ti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì gba ìwé ẹlòmíràn kún ti òǹkọ̀wé: ìdìpọ̀ mẹ́ta tó ní àjákù eré Sophocles, tó jáde ní 1917, A. C. Pearson ló ṣe é, bó tilẹ̀ lo ìwé tí Jebb àti Headlam fi sílẹ̀. Kò yẹ kó wà nínú páálí tí ẹ kọ “Jebb” sí láìsí orúkọ Pearson.

Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá ti ilé ìtẹ̀wé dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ ìyókù títí ẹ ó fi ṣí i pẹ̀lú ìwé àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ojú-ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ìdì kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwòrán, gbogbo máàpù, àti ojú-ewé mẹ́wàá tí ẹ fi ojú dídì mú láti àárín. Ẹ mú ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú atọ́ka, kí ẹ ṣí ojú-ewé tí ó tọ́ka sí, kí ẹ rí i bóyá ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan péré bá yẹ̀, ojú-ewé kan ti sọnù tàbí ó wà ní méjì níbì kan, ẹ padà kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.